Ọjọ́ márùn-ún lórí kẹ̀kẹ́ ní ìgbèríko Faransé: ṣé lóòótọ́ ni èèyàn ò ní pàdé mọ́tò?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Lọ́dún tó kọjá mo ra kẹ̀kẹ́ gravel kan, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà òkúta wẹ́wẹ́, táyà rẹ̀ jẹ́ mílímítà 38. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ní oṣù kejì, díńgí mọ́tò kan gbá mi lápá ní Old Kent Road, láti ìgbà náà ni àyà mi ti ń já tí mo bá ti gbọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa sọ pé ní ìgbèríko ilẹ̀ Faransé, èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún láì gbọ́ ìró mọ́tò. Ọkọ mi ní irọ́ ni. Mo ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́jọ ní oṣù kẹsàn-án, èmi àti ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan la jọ fẹ́ lọ. Ibo ni ká lọ? Ṣé kẹ̀kẹ́ mi á lè ṣe é? Kí la máa gbé dání? Páàsì Nàìjíríà ni mo ní o. Àti pé, kí n má parọ́, ṣé wọn ò ní máa wò wá bíi pé a sọnù?

Ìdáhùn

Ẹ kú ewu díńgí mọ́tò yẹn o, arábìnrin wa. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀. Ọmọ Kétu ni mí, ní orílẹ̀-èdè Benin, ó sì ti di ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìlú Nantes, nílẹ̀ Faransé níbí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni mò ń wí o, kì í ṣe ti Màrúwá. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, etí omi àti inú oko ni wọ́n ti ń rí mi.

Ọkọ yín jàre, ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ náà jàre. Pé kí ẹ má gbọ́ ìró mọ́tò rárá fún ọjọ́ márùn-ún, ìyẹn ò sí. Àgbẹ̀ á máa fi katakata túlẹ̀ lódìkejì omi. Bí atẹ́gùn bá sì ti apá títì márosẹ̀ fẹ́ wá, ẹ ó máa gbọ́ ọ lókèèrè bí omi tó ń hó. Ṣùgbọ́n pé kí mọ́tò má pàdé yín lójú ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má ráyè fi díńgí gbá yín lápá, ìyẹn wà. Mo mọ ibi tó wà, mo sì mọ ibi tó ti já. Ọgbọ́n ibẹ̀ ò ju pé kí ẹ mọ ibi tí mọ́tò wà gan-an lọ, kí ẹ sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sí òwúrọ̀ kan ṣoṣo, nígbà tí ara yín ṣì le.

Ọ̀rọ̀ méjì ló máa ń ṣi àlejò lọ́nà níbí. Bí ẹ bá rí "véloroute" lórí máàpù, ẹ má tíì yọ̀. Ipa ọ̀nà tí wọ́n kàn fi àmì sí fún oníkẹ̀kẹ́ ni: ó lè gba inú igbó, ó lè gba etí omi, ó sì lè já sí títì kékeré tí ọkọ̀ tó ń gbé wàrà ń gbà kọjá bí ẹni tí iyàwó rẹ̀ ń rọbí. "Voie verte" ni tiwa. Láti 2004 ni òfin ìrìnnà wọn ti fún un ní ìtumọ̀ tirẹ̀: ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́ṣin, tí mọ́tò àti alùpùpù kò gbọ́dọ̀ wọ̀. Pátákó rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin, àwọ̀ búlúù, wọ́n ya ẹlẹ́sẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ sí i ní funfun. Ọ̀pọ̀ véloroute tó lórúkọ ló jẹ́ àdàlù méjèèjì. La Loire à Vélo tí gbogbo ayé ń pariwo, tó gùn tó kìlómítà 900, àdàlù ni. Ó dára, mo ti gùn ún lọ gùn ún bọ̀, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹ béèrè lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Nígbà tí mo ti ń sọ ti pátákó, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Bí ẹ bá rí èyí tó rí róbótó, tó funfun, tí etí rẹ̀ pupa, tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, ó kan kẹ̀kẹ́ náà o, àfi tí wọ́n bá kọ "sauf vélos" sísàlẹ̀. Èyí tí wọ́n ya mọ́tò àti alùpùpù sí nínú kò kàn yín. Ìròyìn ayọ̀ ni tiyín.

Voie verte tó pọ̀ jù, ojú irin àtijọ́ tàbí etí kánáàlì ló wà. Ní ọ̀rúndún tó kọjá, bí mọ́tò ti ń pọ̀ ni wọ́n ń pa àwọn ọ̀nà rélùwéè kéékèèké tì; wọ́n tú irin kúrò, ilẹ̀ tó tẹ́jú ṣẹ́kù. Ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun òkè gàgàrà, nítorí náà ibi tó bá ti kọjá, èèyàn tí orúnkún ń dùn náà á kọjá. Èyí tó lọ láti Givry sí Cluny ní Bourgogne, tí wọ́n ṣí ní 1997, ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀dà ni wọ́n dà sí i, ó ń dán bí ilẹ̀ pálọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó ọmọ kéékèèké dání, ibẹ̀ ni kó lọ. Kẹ̀kẹ́ gravel ò níṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ọmọ Èkó tó bá gbọ́ kánáàlì, gọ́tà ńlá tó kún fún ọ̀rá àti ike ló máa wá sí i lọ́kàn. Ti ibí yìí yàtọ̀. Kí ẹ́ńjìnnì tó dé, èèyàn àti ẹṣin ló ń fi okùn fa ọkọ̀ ojú omi, etí omi ni wọ́n sì ń rìn tí wọ́n fi ń fà á. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ẹṣin yẹn náà ni àwa ń gùn lónìí. Omi kì í ṣàn gòkè, nítorí náà ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ga, wọ́n á kọ́ ibodè omi, ìlẹ̀kùn méjì tó ń sé omi mọ́ àárín kí ọkọ̀ lè gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ yín ti máa mọ̀ pé òkè wà. Ẹ ó tẹ pẹ́dàlì le fún bí ìgbà tí èèyàn fi ń ka ení dé ogún, ó ti tán.

Ibi tí màá rán yín lọ ni kánáàlì tó so Nantes pọ̀ mọ́ Brest, ní Bretagne, apá ìwọ̀ oòrùn Faransé. Ó gùn tó kìlómítà 364, ó sì ní ibodè omi tó lé ní 230. Ìtàn rẹ̀ á pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Napoléon ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dí ojú òkun pa, ẹrù Nantes kò lè gba òkun dé ibùdó ọkọ̀ ogun tó wà ní Brest. Napoléon ní tí òkun bá dí, kí wọ́n gba inú ilẹ̀. Wọ́n so odò pọ̀ mọ́ odò, Erdre, Isac, Oust, Blavet, Aulne, títí wọ́n fi parí rẹ̀ ní 1842. Ogun ti tán tipẹ́ nígbà náà, rélùwéè sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà tó yá, kánáàlì náà di ohun tí ẹnikẹ́ni ò nílò fún ẹrù mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló fà á tí a fi rí ọ̀nà gùn.

Kì í ṣe ọ̀dà ló wà lórí rẹ̀. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, àwọ̀ rẹ̀ bí àwọ̀ èlùbọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn táyà á máa dún ṣìṣì lórí rẹ̀, ohùn yẹn nìkan ni ẹ ó máa gbọ́, àti ti ẹyẹ àkókó nínú igi. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe kẹ̀kẹ́ yín.

Bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Plymouth lọ sí Roscoff. Reluwe á gbé yín láti Paddington dé Plymouth, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹ gba àyè kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Ní èbúté, orí ìlà kan náà pẹ̀lú alùpùpù àti mọ́tò ni ẹ ó tò sí; òṣìṣẹ́ ọkọ̀ á fi okùn so kẹ̀kẹ́ yín mọ́ ara ògiri irin nísàlẹ̀. Ẹ yọ báàgì yín lọ sókè, ìlẹ̀kùn ìsàlẹ̀ yẹn kì í ṣí títí tí ẹ ó fi gúnlẹ̀.

Láti Roscoff sí Morlaix, bí ọgbọ̀n kìlómítà, ni òwúrọ̀ tí mo ní kí ẹ mú ọkàn le fún. Títì kéékèèké ni, láàárín oko àlùbọ́sà àti ewébẹ̀. Mọ́tò wà níbẹ̀, kò pọ̀, wọ́n sì máa ń yà fún kẹ̀kẹ́ ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ, ṣùgbọ́n ó wà. Ẹ wọ aṣọ tó ń dán, ẹ tan iná ẹ̀yìn lọ́sàn-án gangan. Ẹ má jẹ́ kó dàrú mọ́ yín lójú: bí ẹ bá dé Morlaix, tí ẹ rí afárá rélùwéè gàgàrà tó kọjá lórí àwọn ilé ìlú, mítà 58 ló ga, èyí tó le jù ti tán. Ẹ jókòó sábẹ́ rẹ̀ kí ẹ mu kọfí.

Lẹ́yìn Morlaix, ojú irin àtijọ́ ló gbà yín. Rélùwéè kékeré kan ló ń lọ láti Morlaix sí Carhaix, wọ́n pa á tì ní 1967. Ó gun òkè lọ sí Monts d'Arrée, ṣùgbọ́n ó ń gùn ún bí àgbàlagbà tó mọ̀ pé ọ̀nà jìn: ẹ ò ní rí òkè náà lójú, ẹsẹ̀ yín nìkan ló máa mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ń wúwo. Ẹ má bá a jà. Ẹ lo jíà kékeré, ẹ máa sọ̀rọ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ ò bá lè jáde lẹ́nu yín mọ́, eré ti pọ̀ jù nìyẹn. Bí ọ̀nà náà bá gé títì kọjá, wọ́n fi igi dábùú rẹ̀ tí ẹ ó rọra yí kẹ̀kẹ́ gbà; àwọn ibi wọ̀nyẹn ni kí ẹ ti wo ọ̀tún wo òsì, torí ara ẹni á ti gbàgbé pé mọ́tò wà láyé.

Nísàlẹ̀ Carhaix ni ẹ ó ti bá kánáàlì. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ rọra gùn ni Glomel. Ilẹ̀ ga níbẹ̀, wọ́n ní láti la òkè já, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n kó wá gbẹ́ ẹ láàárín 1823 sí 1832. Ọkọ́, ṣọ́bìrì àti ọwọ́ lásán. Lónìí igi ti bo bèbè méjèèjì, òkùnkùn díẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ lọ́sàn-án, omi dúdú, kò mì. Mo kọ́kọ́ gbà á kọjá láì mọ ìtàn rẹ̀, mo ń kọrin. Ìgbà kejì mi ò kọrin.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ ó dé ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ tó ń jẹ́ Bon-Repos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1184, lẹ́yìn rẹ̀ ni adágún Guerlédan. Ní 1930 wọ́n parí ìdídò iná mànàmáná kan tí omi rẹ̀ bo kánáàlì náà mọ́lẹ̀ pátápátá, ibodè omi 17 ló wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fa omi náà gbẹ ní 2015 láti tún ìdídò ṣe, èrò rọ́ lọ wo ibodè àti ilé tó ti wà lábẹ́ omi, ẹrẹ̀ bò wọ́n lára bí òkú tí wọ́n hú jáde. Ọ̀nà wa kì í bá omi lọ níbẹ̀, ó tún padà sórí ojú irin àtijọ́ nínú igbó lókè adágún, dé Mûr-de-Bretagne. Ẹ ti lè gbọ́ orúkọ yẹn nínú Tour de France, òkè kan wà níbẹ̀ tí àwọn eléré ìje máa ń sunkún lórí rẹ̀. Kò kàn wá.

Láti Pontivy sí Rohan ni ibodè omi ti pọ̀ jù, bí àádọ́ta láàárín nǹkan bíi kìlómítà 25. Ilé adènà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó pọ̀ nínú wọn, ilé kékeré kan náà ṣá, òdòdó lójú fèrèsé. Ẹ ó gòkè fún ìdajì, ẹ ó sì sọ̀ fún ìdajì. Josselin ni kí ẹ sùn lọ́jọ́ kẹrin. Ààfin ìdílé Rohan wà níbẹ̀, ilé ìṣọ́ mẹ́ta tó ga fíofío lórí àpáta létí omi, ìdílé náà ló sì ni ín títí dòní. Ẹ dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń bọ́ sára òkúta rẹ̀. Ọjọ́ karùn-ún, ẹ gba Malestroit kọjá dé Redon, ilẹ̀ á máa tẹ́jú sí i títí á fi dà bíi pé ẹ ò gùn kẹ̀kẹ́ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà 270 tàbí 280 lọ. Kìlómítà 55 lójúmọ́ ló ń lọ, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn lè ṣe é.

Kẹ̀kẹ́ yín tó bẹ́ẹ̀. Táyà 38 dára. Bí ẹ bá máa pààrọ̀ rẹ̀ nígbàkigbà, ẹ ra 40. Atẹ́gùn inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀. Ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù wa ni táyà tí wọ́n fẹ́ le bí òkúta, ẹni tó ni ín á sì máa sọ pé ọ̀nà ò dáa, ọwọ́ ń kú òun. Táyà líle kì í yára lórí òkúta wẹ́wẹ́, ńṣe ló ń fò lórí rẹ̀, agbára yín á máa bá ìfòkúfòó yẹn lọ. Bí ẹ bá wúwo tó kílò 70, tí túùbù wà nínú táyà, ẹ gbá géèjì ẹ̀yìn sí 40, tiwájú sí 36, ìyẹn psi tí fọ́kánáísà ilé ń lò. Tí kò bá sí túùbù nínú rẹ̀, ẹ yọ 5 kúrò. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ orí táyà, kó wọlé díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ mọ́ńgòrò tó ń pọ́n bọ̀ àmọ́ tí kò tíì rọ̀.

Òjò ni ọ̀tá ṣéènì. Bretagne ni, òjò á rọ̀. Yanrìn tí mo yìn lẹ́ẹ̀kan yìí, bó bá ti tutù, á pò bí ẹ̀kọ, á ta sára ṣéènì, sáàárín jíà, sórí búréèkì. Lẹ́yìn wákàtí kan ẹ ó gbọ́ ọ tó ń ké bí eku inú àpótí. Ẹ má da òróró lé e lórí, ẹ̀yin náà á ṣe bí ẹni tó ń lọ ata pẹ̀lú irin nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ fi omi inú ìgò yín ṣàn án dànù, ẹ fi ákísà nù ún gbẹ, kí ẹ tó fún un ní òróró ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ó sì máa ń gba ṣéènì là. Ẹ mú búréèkì pádì tuntun kan dání, túùbù méjì fún ẹni kọ̀ọ̀kan, fáńpù, àti irin pẹlẹbẹ kékeré tí jíà ẹ̀yìn fi kọ́ mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Irin yẹn, oríṣiríṣi ló wà, ti kẹ̀kẹ́ kan kì í bá òmíràn mu. Bó bá tẹ̀ ní Glomel, ẹ ò ní rí irú rẹ̀ rà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni kí ẹ ti rà á.

Ti ìjókòó ńkọ́? Ṣòkòtò oníkẹ̀kẹ́ tó ní tìmùtìmù, ẹ má wọ pátá sábẹ́ rẹ̀, ibi ojú rírán pátá ló ń dá egbò. Ẹ fi òrí pa ibi tó bá ń ha. Àwọn òyìnbó ní ìpara olówó gọbọi fún un. Mo ti lò ó, òrí ló borí.

Oúnjẹ ló máa ń fi ìyà jẹ àlejò ju òkè lọ. Ní abúlé, ṣọ́ọ̀bù máa ń tì láti ọ̀sán títí di aago méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, gbogbo nǹkan dákẹ́. Ọjọ́ Ajé, ilé búrẹ́dì tí ẹ fojú sí lára máa ń wà ní títì. Ó ti kọ́ èmi alára lẹ́kọ̀ọ́. Ọjọ́ Ajé kan ni, lẹ́bàá Gouarec, mo ti jẹ búrẹ́dì mi tán láti àárọ̀, omi tán nínú ìgò. Gààrí ìjẹ̀bú ló wà nísàlẹ̀ báàgì mi, ìyàwó mi ló fi síbẹ̀, mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. Omi wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣírí oníkẹ̀kẹ́ Faransé fún yín: itẹ́ òkú. Gbogbo abúlé ló ní in, ẹ̀rọ omi sì máa ń wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń bomi rin òdòdó orí sàréè. Tí wọ́n bá kọ "eau non potable" sí i, ẹ má mu ún. Tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, omi ìlú náà ló sábà máa ń jẹ́. Mo mọ ohun tí ìyá mi máa sọ tó bá gbọ́ pé mo fi omi itẹ́ òkú rẹ gààrí. Mo jókòó sórí àga òkúta lẹ́yìn ògiri, mo fi sùgà sí i, mò ń mu ún. Màmá arúgbó kan jáde wá pẹ̀lú garawa lọ́wọ́, ó kí mi, ó bojú wo inú ife mi, ó béèrè ohun tí mò ń jẹ. Mo ní ìyẹ̀fun pákí ni. Ó ní ṣé kò nílò kí wọ́n sè é? Mo ní ó ti jinná láti ilé. Ó wọlé lọ, ó bu èso ápù mẹ́rin fún mi.

Ẹ lè mú gààrí dání, ṣùgbọ́n ẹ má gbé míìtì páì, kílíṣí tàbí wàràkàṣì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ò gba arìnrìn-àjò láyè láti kó ẹran àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe láti ibẹ̀ wọ Yúróòpù.

Ìtàn màmá yẹn ló sún mọ́ ìdáhùn ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn. Wọ́n á wò yín, mi ò ní tàn yín. Ní àwọn abúlé kan, ó lè jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni aláwọ̀ dúdú tó gba etí omi kọjá lọ́sẹ̀ yẹn. Àmọ́ ìgbèríko Faransé ní àṣà kan tó jọ tiwa: ẹni tí kò kíni ni wọ́n ń fura sí. Ẹ tètè kí wọn, "bonjour", kí wọ́n tó kí yín. Ẹ kí apẹja, ẹ kí ẹni tó ń fa ajá, ẹ kí ọmọdé. Mo ti rí ojú tó dì bí ògiri tó tú ká lórí bonjour kan. Kì í ṣe gbogbo ojú ló ń tú ká. Ẹ máa gùn lọ ní tiyín. Ẹ so agogo mọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ sì lù ú ní jìnnà, nítorí apẹja máa ń na ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ dábùú ọ̀nà, àwọn ọ̀pá yẹn gùn, wọ́n sì wọ́n.

Páàsì Nàìjíríà: ìwé ìgbélùú Gẹ̀ẹ́sì kò tó láti wọ ilẹ̀ Faransé, físà Schengen ni ẹ nílò. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò ni wọ́n ti ń gba ìwé. Ẹ má dúró de ìgbà tó bá ku oṣù kan. Wọ́n á béèrè ìwé adójútòfò ìlera (insurance) tó tó 30,000 yúrò, wọ́n á béèrè ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fún ìyẹn, ẹ wá ilé tó ní àmì "Accueil Vélo": wọn kì í jìnnà ju kìlómítà márùn-ún sí ọ̀nà, wọ́n sì ní ibi tó ní kọ́kọ́rọ́ fún kẹ̀kẹ́. Páàsì gan-an ni kí ẹ mú dání lójú ọ̀nà, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù.

Oṣù kẹsàn-án dára, ọmọ iléèwé ti wọlé, ibùsùn pọ̀. Àwọn ọdẹ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù yẹn. Tí ẹ bá gbọ́ ìbọn nínú igbó, ẹ dúró lójú ọ̀nà, ẹ má yà wọ igbó láti tọ̀ láì wọ aṣọ tó ń tàn. Tí ẹ bá jókòó sínú koríko, ẹ yẹ ara yín wò fún eégbọn lálẹ́. Nọ́ọ̀sì ni yín, ẹ mọ ìyókù.

Àwọn èèyàn á ní kí ẹ lọ sí Canal du Midi dípò èyí, láti Toulouse sí òkun Mẹditaréníà. Kìlómítà 240 ni, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Riquet ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1666, wọ́n parí rẹ̀ ní 1681, ó wà nínú ìwé ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti 1996, ó rẹwà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà àkọ́kọ́, ọ̀dà á tán, gbòǹgbò igi á bẹ̀rẹ̀ sí í hú jáde lójú ọ̀nà bí iṣan ọwọ́ arúgbó, ọ̀nà á sì fún láàárín koríko àti omi. Ọ̀pọ̀ igi òjìji rẹ̀ ni wọ́n sì ti gé nítorí àrùn kan tó ń pa wọ́n láti 2006. Ìgbà kejì ni kí ẹ lọ síbẹ̀. Ìgbà kẹta, ẹ lọ sí igbó Morvan, níbi tí ìjọba ti fi igi dábùú ọ̀nà inú igbó fún mọ́tò tí kẹ̀kẹ́ sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òkè ibẹ̀ kì í ṣe ti rélùwéè o.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ara yín wò kí oṣù kẹsàn-án tó dé, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi láti Newhaven sí Dieppe ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Láti Arques-la-Bataille, ẹ̀yìn Dieppe gan-an, voie verte ọlọ́dà kan wà tó lọ sí Forges-les-Eaux, bí kìlómítà 45, lórí ojú irin àtijọ́. Ẹ lọ lónìí, ẹ bọ̀ lọ́la. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá àga kẹ̀kẹ́ yín bá ìdí yín mu.

Ní Redon, ẹ wọ reluwe agbègbè tí wọ́n ń pè ní TER lọ sí Rennes, ẹ pààrọ̀ níbẹ̀ sí ti Saint-Malo. Wọ́n ń gba kẹ̀kẹ́, àmọ́ ibi ìkọ́ rẹ̀ ò pọ̀, nítorí náà ti àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀. Ọkọ̀ ojú omi á gbé yín láti Saint-Malo dé Portsmouth. Ẹ ó tún tò sórí ìlà pẹ̀lú alùpùpù, àwọn mọ́tò á wà lẹ́yìn yín, ẹ́ńjìnnì wọn á máa ṣiṣẹ́. Kí ẹ wá kọ̀wé sí mi bóyá àyà yín já.